Bí a ṣe ń tún Flight Simulator X gbé sórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ geere

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ní Microsoft Flight Simulator X, ètò tí ó ń ṣe àfarawé wíwa bàálù, èyí tí a sábà ń pè ní FSX, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ètò náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gan lójú òfurufú, tí àwòrán rẹ̀ ń já nígbà tí bàálù bá ń sún mọ́ pápákọ̀, tàbí tí ó ń ti ara rẹ̀ pa láìsọ ìdí. Ọdún 2006 ni Microsoft kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Dovetail Games tún un gbé jáde lórí Steam, ilé ìtajà eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe kan, ẹ̀dà Steam yìí ni mo sì ní lọ́kàn jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ bá ẹ̀dà orí DVD mu pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a fi ń ṣe làálàá lórí ètò tí ó ti pẹ́ tó báyìí nígbà tí Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020 wà nílẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ti ọdún 2020 yẹn ń fẹ́ àyè 150 GB lórí dísíìkì, ó sì ń fa àwòrán ilẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí bàálù ṣe ń fò lọ. Ẹni tí ó ń ra dátà ní gìgábáìtì kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò rẹ̀. FSX ní tirẹ̀, bí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ tán, ayé tí ó fi hàn wá, tí ó ní pápákọ̀ òfurufú tí ó ju 24,000 lọ, ti wà lórí dísíìkì wa pátápátá. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára púpọ̀, ó ṣì jẹ́ ọ̀nà tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń fi ohun èlò inú bàálù ṣe ìrìn àjò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ohun tí à ń wá. Ìdúróṣinṣin ni à ń wá. Bàálù tí àwòrán rẹ̀ dúró sí férémù 25, ìyẹn àwòrán 25, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti ìgbà tí ó gbéra títí tí ó fi balẹ̀, ṣeé wà dáadáa ju èyí tí ó ń fi 60 hàn nínú òfurufú gbalasa lọ, tí ó sì ń já sí 9 nígbà tí ilẹ̀ bá ku díẹ̀, tí ọwọ́ awakọ̀ sì nílò ìdáhùn kíákíá jù lọ.

Ohun tí ń ṣe FSX gan-an

Ó yẹ kí a mọ bí ètò yìí ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti náwó sórí káàdì àwòrán tuntun tí wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Inú prọ́sẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ FSX wà, orí core kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí ń ṣe ìṣirò nínú prọ́sẹ́sọ̀, ni ó sì ti ń ṣe é. Àtúnṣe tí wọ́n pè ní SP1, tí ó jáde ní ọdún 2007, jẹ́ kí ó lè pín iṣẹ́ kíkó àwòrán ilẹ̀ fún àwọn core yòókù, ṣùgbọ́n ìṣirò bàálù, ojú ọjọ́ àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ tí ń bọ̀ ṣì wà lọ́rùn core kan náà. Nítorí èyí, prọ́sẹ́sọ̀ tí ó ní core mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yára yóò ṣe FSX lóore ju èyí tí ó ní mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ra lọ.

Ìṣòro kejì ni pé ètò 32-bit ni FSX. Lórí Windows 64-bit, 4 GB péré ni gbogbo àyè ìrántí tí ó lè nawọ́ dé, ì báà jẹ́ 8 GB ni RAM yín, ì báà sì jẹ́ 32 GB. Kànga lè kún dé ẹnu, ohun tí garawa bá gbà náà ni a ó rí fà jáde. Bí 4 GB náà bá ti kún, FSX yóò kéde pé ìrántí ti tán, yóò sì kú. Ìdí nìyí tí ó fi sábà máa ń kú ní òpin ìrìn àjò gígùn: ohun tí ó ti kó jọ láti ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, pápákọ̀ ńlá tí ẹ fẹ́ balẹ̀ sí sì tún ń kó àwọn ilé àti àwòrán tirẹ̀ lé e lórí.

Core tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó ń mú kí àwòrán máa já. Ìrántí tí ó kún ni ó sábà ń pa ètò náà. Ohun gbogbo tí a ó ṣe nísàlẹ̀ yìí dojú kọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù pamọ́

Inú fódà Documents, ẹ ó rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Flight Simulator X Files. Níbẹ̀ ni àwọn ìrìn àjò tí ẹ ti tọ́jú wà, pẹ̀lú fáìlì Logbook.BIN tí ó ń ka wákàtí tí ẹ ti fò. Ẹ da gbogbo fódà náà kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ sì kọ %APPDATA%\Microsoft\FSX sínú àpótí tí ó bá yọ. Fódà Controls tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń tọ́jú bí ẹ ṣe ṣètò jọ́sítíìkì, ọ̀pá ìdarí bàálù, yín, nítorí náà ẹ da òun náà kọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà DVD àti ẹ̀dà Steam lórí ẹ̀rọ kan náà, FSX-SE ni fódà ẹ̀dà Steam máa ń jẹ́ dípò FSX. Ẹ máa fi èyí sọ́kàn ní gbogbo ibi tí mo bá ti dárúkọ fódà náà.

Bí ẹ bá ra bàálù tàbí pápákọ̀ àfikún, ẹ wá nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ dá àṣẹ náà padà kí a tó yọ wọ́n kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní gbà kí a tún wọn lò.

Ẹ lè da fsx.cfg, tí ó ń tọ́jú ìṣètò FSX, àti dll.xml, àtòjọ àwọn àfikún tí FSX ń ṣí, kọ kí ẹ lè máa yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá wọn padà sínú FSX tuntun. Inú àwọn fáìlì wọ̀nyí gan-an ni àìsàn àtijọ́ sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ọ́ kúrò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò

Àwọn àfikún ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú àtòjọ ètò tí ó wà nínú Settings ti Windows, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè yọ ara wọn dáadáa mọ́ bí wọn kò bá rí FSX níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Library nínú Steam, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ FSX, ẹ yan Manage, kí ẹ sì yan Uninstall.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí nìyí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń tún un gbé sórí ẹ̀rọ tí àìsàn kan náà sì ń padà wá. Fáìlì tí FSX mú wá nìkan ni Steam ń kó lọ. Èyí tí FSX dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti èyí tí àfikún gbé sínú rẹ̀ kò kàn án. Ẹ tún fi Windows àti R ṣí àwọn ibi wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa fódà FSX tí ẹ bá bá níbẹ̀ rẹ́:

%APPDATA%\Microsoft, níbi tí fsx.cfg àti dll.xml wà;

%LOCALAPPDATA%\Microsoft, níbi tí fódà Shaders, tí ó ń tọ́jú ohun tí káàdì àwòrán ń lò, wà;

%PROGRAMDATA%\Microsoft, níbi tí Scenery.cfg, àtòjọ gbogbo ilẹ̀ àti pápákọ̀ tí FSX mọ̀, wà.

Ní ìparí, ẹ wo inú steamapps\common, kí ẹ sì pa fódà FSX tí ó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún un tàn. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo àwọn ètò tí ó ń polówó pé àwọn ń fọ registry, àkójọ ìṣètò Windows. Ewu tí ó wà nínú wọn pọ̀ ju àǹfààní wọn lọ, FSX kò sì nílò wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé e padà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí FSX gbé inú Program Files. Windows ń ṣọ́ fódà náà lójú méjèèjì, ó sì máa ń dí àfikún lọ́wọ́ láti kọ fáìlì síbẹ̀, èyí tí ó ń fa àṣìṣe tí ó ṣòro láti tọpasẹ̀. Bí ẹ bá ní dísíìkì kejì, ẹ lọ sí Settings nínú Steam, kí ẹ sì lo Storage láti dá ibi ìkópamọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ C nìkan ni ẹ ní, Steam fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tún gbé sí C:\Steam, FSX yóò sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ẹ rí i pé àyè tí ó ṣófo kò dín ní 40 GB. Dísíìkì SSD kò ní fi ohun púpọ̀ kún iye férémù, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ilẹ̀ tètè hàn kedere, yóò sì dín àkókò tí ẹ fi ń dúró kí ìrìn àjò ṣí kù gidigidi.

Ẹ ronú nípa iná kí ẹ tó tẹ Install. Bí iná bá lọ nígbà tí Steam ń kọ fáìlì sórí dísíìkì, ó lè máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá dé bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, kí fáìlì kan sì ti bàjẹ́ níbẹ̀. Bátìrì alágbèéká tí ó kún tàbí ínfẹ́tà tí ó ṣeé gbọ́kàn lé yóò gbà yín lọ́wọ́ èyí. Yálà iná lọ tàbí kò lọ, nígbà tí ó bá parí, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ FSX, ẹ yan Properties, ẹ yan Installed Files, kí ẹ sì jẹ́ kí Steam yẹ gbogbo fáìlì wò pẹ̀lú “Verify integrity of game files”. Ìwọ̀nba èyí tí ó bàjẹ́ nìkan ni yóò tún gbà wọlé, nítorí náà kò jẹ dátà púpọ̀.

Fún ẹni tí ó ń lo DVD, ẹ̀yìn tí ó bá ti fi dísíìkì méjèèjì sórí ẹ̀rọ, kí ó ṣí FSX lẹ́ẹ̀kan, kí ó pa á, kí ó fi SP1 sí i, lẹ́yìn náà SP2, àtúnṣe kejì. Bí ó bá ní Acceleration, àfikún ńlá tí Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe fún FSX, kò nílò SP1 àti SP2 mọ́, nítorí pé wọ́n ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà Steam ti kó gbogbo èyí pọ̀.

Ẹ wá sọ fún ètò tí ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì pé kí ó má máa yẹ fódà FSX wò. FSX ń ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké bí bàálù ṣe ń lọ, bí a bá sì ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún àyẹ̀wò, àwòrán yóò máa já. Windows Security ni ẹ ó ti rí i: Virus & threat protection, lẹ́yìn náà Exclusions.

Ẹ ṣí FSX báyìí, láìtíì fi àfikún kankan sí i. Ọkọ̀ kékeré oníyẹ̀ẹ́ aṣọ ni ẹ ó bá ní Friday Harbor, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìrìn àjò tí ó bá FSX wá nìyẹn. Ẹ fò díẹ̀, kí ẹ sì jáde bí ó ti yẹ. Bí ẹ ṣe ṣe èyí, FSX ti yẹ ẹ̀rọ yín wò, ó sì ti dá fsx.cfg tuntun sílẹ̀. Ẹ da ẹ̀dà rẹ̀ kan kọ, kí ẹ sì sọ ọ́ ní “mímọ́”. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó máa padà sí bí nǹkan bá dàrú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tún un ṣe

Ẹ mú bọ́tìnnì Shift, kí ẹ sì tẹ Z. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, iye férémù yóò hàn lókè. Ẹ ṣètò ìrìn àjò mẹ́ta kí ẹ sì fi orúkọ tọ́jú wọn, kí ó lè jẹ́ pé ipò kan náà ni ẹ ó máa dán wò nígbà gbogbo. Èyí tí ó rọrùn ni Cessna 172 ní Ìbàdàn, tí àmì pápákọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ DNIB, lábẹ́ òfurufú tí kò ní ìkùukùu. Èyí tí ó wà láàárín ni Boeing 737-800 ní Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, DNMM, pẹ̀lú ìkùukùu díẹ̀. Èyí tí ó le ni 737 kan náà tí ó ń bọ̀ wá balẹ̀ sí Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, EGLL, ní ìrọ̀lẹ́, tí ìkùukùu pọ̀, tí bàálù mìíràn sì wà káàkiri.

Nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ tí ẹ bá rí nínú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èyí tí ó ga jù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún èyí tí ó le nì fò kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Windows àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀

Ẹ yan High performance nínú Power Options, kí alágbèéká sì wà lórí iná nígbà tí ẹ bá ń fò, nítorí pé lórí bátìrì, prọ́sẹ́sọ̀ yóò mọ̀ọ́mọ̀ rọra ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ní káàdì àwòrán méjì, èyí tí ó wà nínú prọ́sẹ́sọ̀ àti èyí tí ó dá dúró, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, ẹ mú fsx.exe wá síbẹ̀, kí ẹ sì yan High performance fún un. Ẹ pa Chrome àti àwọn ètò mìíràn tí ẹ kò lò.

Ooru ni n óò fẹ́ kí ẹ máa fojú tó jù lọ níbí. Prọ́sẹ́sọ̀ tí ó bá gbóná ju bó ti yẹ lọ yóò dín eré rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀, FSX tí ó sì gbára lé eré core kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí férémù bá dára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ó wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí ibì kankan padà, ẹ fura sí ooru. Ẹ gbá eruku inú fáànù dànù, ẹ má gbé alágbèéká lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, kí ẹ sì fi nǹkan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé lábẹ́ rẹ̀. Ní ìlú tí yàrá ti ń móoru ní ọ̀sán, mo ti rí i pé ìwọ̀nba èyí nìkan tó láti wo ẹ̀rọ tí wọ́n ti ní kí olówó rẹ̀ lọ pààrọ̀ sàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣètò inú FSX

Ẹ lọ sí Options, Settings, Display. Ojú ewé márùn-ún ni ó wà níbẹ̀: Graphics, Aircraft, Scenery, Weather àti Traffic.

Lójú ewé Graphics, ẹ fi Target frame rate sí 30. Òdiwọ̀n yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí a bá fi sí Unlimited, FSX yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ ya férémù, kò sì ní ráyè kó àwòrán ilẹ̀ iwájú sílẹ̀ kí bàálù tó dé ibẹ̀. Bí a bá fi sí 30, àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn férémù kọ̀ọ̀kan ni yóò fi pèsè ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè dé 30 ní Heathrow, ẹ fi sí 25, tàbí 20 pàápàá. Ẹ yan Anisotropic fún Filtering, kí ẹ sì jẹ́ kí Anti-aliasing wà. Ẹ pa Light bloom, tí ó ń jẹ agbára lọ́pọ̀lọpọ̀ láìfi nǹkan gidi san án padà. DirectX 10 Preview kò parí láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí náà ẹ má ṣe tàn án.

Lójú ewé Aircraft, ẹ pa òjìji tí bàálù ń jù sára ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tí ó ń jù sórí ilẹ̀ wà.

Ojú ewé Scenery ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi Level of detail radius sí Large, Mesh resolution sí mítà 38, Texture resolution sí mítà 1, Water effects sí Low 2.x, kí ẹ sì yọ àmì kúrò nínú Ground scenery shadows. Ẹ wá dójú lé Autogen density. Autogen ni àwọn ilé àti igi tí FSX ń tò sórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú ilẹ̀ tí ó bá bá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn sì ni prọ́sẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ gbé síbẹ̀, tí yóò sì tún gbé kúrò nígbà tí bàálù bá kọjá. Lórí ìlú ńlá, iye wọn máa ń pọ̀ kọjá ohun tí core kan lè ru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sparse. Bí Heathrow bá dúró dáadáa, ẹ gbé e sí Normal, kí ẹ tún dán an wò. Níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, kò ní mọ̀ ọ́n bóyá igi tí ó wà nísàlẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún tàbí ó tó ẹgbàá.

Ní ti Weather, ẹ fi Cloud draw distance sí ibi tí ó kéré jù, kí ẹ sì lo Detailed clouds pẹ̀lú ìwọ̀n àárín. Ìkùukùu jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí ó ń wọ káàdì àwòrán lọ́rùn ju prọ́sẹ́sọ̀ lọ. Bí férémù bá ń já nínú ìkùukùu nìkan, ibí yìí ni kí ẹ wá.

Traffic ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi agbára prọ́sẹ́sọ̀ ṣòfò. Bàálù kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí ní pápákọ̀ ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀, ó ń bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀, FSX sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí core kan náà tí ó fi ń ṣe ìṣirò bàálù tiyín. Ẹ fi Airline traffic sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, General aviation sí 10, ọkọ̀ ojú omi sí 5. Ọkọ̀ orí títì, tí ń jẹ́ Road vehicles níbẹ̀, ni kí ẹ sọ di òdo. Àǹfààní rẹ̀ fún awakọ̀ òfurufú kéré, iye tí ó sì ń ná prọ́sẹ́sọ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ yí padà nínú gbogbo ojú ewé wọ̀nyí, òun ni kí ẹ yí.

Ìgbésẹ̀ keje: fsx.cfg

Ẹ̀yìn tí ìrìn àjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dúró ni kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì yìí, FSX sì gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Notepad ni kí ẹ fi ṣí i. Ìlà tí ó wúlò nínú rẹ̀ kéré gan-an, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe da àtòjọ gígùn tí ẹlòmíràn fi tún ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe sínú tiyín, nítorí pé prọ́sẹ́sọ̀ àti káàdì rẹ̀ lè má jọ tiyín rárá.

Lábẹ́ [GRAPHICS], ẹni tí ó ń lo DVD kí ó fi HIGHMEMFIX=1 kún un; ẹ̀dà Steam ti ní àtúnṣe náà nínú. Níbẹ̀ náà ni TEXTURE_MAX_LOAD wà, tí ó sábà máa ń jẹ́ 1024. Ẹ lè sọ ọ́ di 2048 bí àwọn ohun èlò inú bàálù àfikún yín bá ṣú. Ẹ rántí pé àwòrán 4096 tóbi ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ju ti 1024 lọ, inú 4 GB kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń lọ. Bí ẹ bá tún ìṣètò àwòrán ṣe láti inú FSX, ó lè dá ìlà yìí padà sí 1024 láìsọ fún yín, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lábẹ́ [DISPLAY], WideViewAspect=True ni ó yẹ fún ojú kọ̀ǹpútà tí ó fẹ̀; òun ni ó ń jẹ́ kí a rí inú bàálù ní ìwọ̀n tí ó tọ́.

Lábẹ́ [TERRAIN], ẹ jẹ́ kí LOD_RADIUS wà ní 4.500000. Àwọn kan ń gbé e sí 6.5 kí ilẹ̀ ọ̀nà jíjìn lè hàn kedere, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, fífẹ̀ ilẹ̀ tí FSX gbọ́dọ̀ tọ́jú ní kedere yóò ti ju ìlọ́po méjì lọ. Lórí ìrìn àjò gígùn, ọ̀nà tí ó yára jù lọ sí ìrántí tí ó tán nìyẹn.

Lábẹ́ [MAIN], FIBER_FRAME_TIME_FRACTION=0.33 ń sọ ìpín tí FSX yóò yà sọ́tọ̀ nínú àkókò férémù kọ̀ọ̀kan fún kíkó ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lábẹ́ yín, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ kedere ṣùgbọ́n tí férémù kò tó, ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀.

AffinityMask, lábẹ́ [JOBSCHEDULER], ń sọ core tí FSX lè lò. Core àkọ́kọ́ jẹ́ 1, èkejì 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 8. Ẹ ó ro èyí tí ẹ fẹ́ pọ̀. Fún prọ́sẹ́sọ̀ oní-core mẹ́rin, 2 àti 4 àti 8 jẹ́ 14, tí ó fi core àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún Windows àti àwọn ètò mìíràn. Bí àwòrán kò bá já mọ́ nígbà tí ẹ débí, ẹ fi ìlà yìí sílẹ̀ láìkọ. Ní ti [BUFFERPOOLS] tí ẹ ó máa rí níbi gbogbo, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yẹra fún un, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó ń mú kí àwòrán máa ṣẹ́jú, ó sì ń pa ètò náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dá àfikún padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ fi àfikún kan sí i, ẹ fo ìrìn àjò tí ó le nì, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó mú àìsàn dé. Bí àfikún kan bá kùnà láti bá FSX ti Steam sọ̀rọ̀, SimConnect ti àtijọ́, ìyẹn ohun tí àfikún fi ń bá FSX sọ̀rọ̀, ni ó sábà máa ń béèrè fún. Ẹ ó rí i nínú fódà SDK tí ó wà nínú FSX, lábẹ́ Core Utilities Kit, SimConnect SDK, LegacyInterfaces.

Láti mọ bí ìrántí ṣe kún tó, ẹ lo Process Explorer ti Microsoft, kí ẹ sì fi òpó Virtual Size hàn fún fsx.exe. FSUIPC4, àfikún kan tí Pete Dowson kọ, náà lè máa ṣọ́ iye tí ó ṣẹ́ kù, yóò sì máa dún nígbà tí kò bá tó mọ́. Bí Virtual Size bá ti kọjá 3.6 GB kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá ohun tí ẹ ó dín kù: pápákọ̀ àti ilẹ̀ àfikún tí ẹ kò ní bà sí lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ pa nínú Scenery Library. Bí ẹ bá sì parí ìrìn àjò gígùn kan, ẹ pa FSX kí ẹ sì tún un ṣí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, nítorí pé kì í dá gbogbo ìrántí tí ó ti gbà padà nígbà tí a bá kàn pààrọ̀ bàálù tàbí ibùdó.

Bí ó bá ṣì ń kú

Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí Windows Logs, kí ẹ sì yan Application. Ẹ wá àṣìṣe tí àkókò rẹ̀ bá ìgbà tí FSX kú mu, kí ẹ sì ka ìlà “Faulting module name”. Bí ó bá jẹ́ fáìlì àfikún kan ni ó dárúkọ, ẹ ti rí i. Bí orúkọ náà kò bá sọ ohun kan fún yín, ẹ yí orúkọ dll.xml padà fún ìgbà díẹ̀ kí FSX má baà rí i, kí ẹ sì tún fò. Bí ó bá dúró, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nínú fáìlì náà ni ó ń pa á. Ẹ dá ìdajì wọn padà, ẹ dán an wò, kí ẹ máa dá a sí méjì bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ fáìlì káàdì àwòrán ni Event Viewer dárúkọ, ẹ gba dráífà tuntun, ètò tí ń darí káàdì, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe káàdì náà, ẹ pa fódà Shaders tí ó wà ní %LOCALAPPDATA%\Microsoft\FSX rẹ́, kí ẹ sì ṣí FSX. Yóò tún fódà náà dá fúnra rẹ̀, nítorí náà ṣíṣí àkọ́kọ́ lẹ́yìn èyí yóò pẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.